Ọjọ́ kan ní Valletta láìsáré: bí ẹ ṣe lè mú ìyá yín sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì padà bá ọkọ̀

Ìbéèrè: Leeds ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, a fẹ́ mú ìyá mi, ẹni ọdún 72, wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ní Barcelona. Ọkọ̀ náà á kan Marseille, Genoa, Naples àti Messina kó tó dé Valletta ní Málítà. Ọjọ́rú la máa wà níbẹ̀, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́; lọ́jọ́ kejì, ojú òkun la máa wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Orúnkún ń dun Màmá, a ò sì fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì tó ń kó èèyàn sáré kiri. Báwo la ṣe lè fi ọjọ́ náà gbádùn ara wa láìjẹ́ pé ọkọ̀ fi wá sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò. Nínú gbogbo èbúté tí ọkọ̀ yín fẹ́ kàn, Valletta lè rọrùn gan-an fún ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, ó sì tún lè jẹ́ ibi tó máa ṣe orúnkún náà léṣe jù lọ. Ọ̀nà tí ẹ bá gbà ló máa sọ èyí tí ẹ máa bá pàdé. Ẹsẹ̀ odi ìlú gan-an ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, nítorí náà ẹ ò nílò bọ́ọ̀sì tàbí rélùwéè, kò dà bíi Róòmù tí ẹni tó bá sọ̀ ní Civitavecchia á kọ́kọ́ fi bíi wákàtí kan jókòó sínú rélùwéè. Ṣùgbọ́n orí àpáta tó yọ gọngọ sínú òkun ni ìlú fúnra rẹ̀ wà. Ogun ló fà á. Ní 1565, àwọn ọmọ ogun Ottoman, ìyẹn ti ìjọba Túrkì àtijọ́, dó ti erékùṣù yìí, wọn ò rí i gbà. Nígbà tó di 1566, Jean de Valette, olórí ẹgbẹ́ ajagun St John (àwọn Kristẹni tó ń ṣàkóso Málítà nígbà náà), fi ìpìlẹ̀ ìlú tuntun lélẹ̀ sórí òkè tí ọ̀tá kò ní lè tètè gùn. Ọ̀tá òde òní ni orúnkún.

Ẹ wo bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Ìlú náà kò gùn ju nǹkan bíi kìlómítà kan lọ. Republic Street àti Merchants Street gba ẹ̀yìn àpáta náà, ìyẹn orí rẹ̀ tó ga jù, kọjá láti ẹnubodè ìlú, ibẹ̀ sì tẹ́jú dé ìwọ̀n àyè kan. Àmọ́ gbogbo òpópónà tó bá yà kúrò lára méjèèjì ń rọ́ lọ sísàlẹ̀ sí òkun, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àtẹ̀gùn òkúta tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ títí ó fi ń dán, tó sì ń yọ̀. Ohun tí mo máa sọ fún yín kò ju èyí lọ: ẹ fi lífìtì gòkè, ẹ má kúrò ní ẹ̀yìn àpáta, ẹ fi lífìtì sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e kò ní gun ju àtẹ̀gùn díẹ̀ lọ láti àárọ̀ títí dé alẹ́. Àwọn tó ń padà sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń di orúnkún mú ni àwọn tó fi ẹsẹ̀ rìn títí dé Fort St Elmo ní ìpẹ̀kun ìlú, torí pé ọ̀nà náà ń rọ́ sísàlẹ̀, ó sì dùn ún rìn. Ìgbà tí wọ́n yíjú padà ni wọ́n tó mọ̀ pé òkè ni gbogbo ọ̀nà tí wọ́n bá wá.

Alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí ẹ ti parí ètò. Wọ́n á fi ìwé ètò ọjọ́ kejì ránṣẹ́ sí yàrá yín tàbí kí ẹ rí i lórí áàpù ọkọ̀. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wá níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni aago tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ ti wọlé, èyí tó sábà máa ń ṣáájú ìgbéra ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà mìíràn wákàtí kan. Tí ọkọ̀ yín bá máa ṣí ní aago 5:00, aago 4:30 ni ẹ máa fi sọ́kàn. Ẹ gbàgbé aago márùn-ún pátápátá. Èkejì ni nọ́ńbà àjà tí ẹ máa gbà jáde. Ẹ̀kẹta ni fóònù aṣojú ọkọ̀ ní èbúté, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù yín méjèèjì, kí ó sì wà nínú ìwé kékeré kan nínú àpò Màmá, torí fóònù tó ti kú kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yíyí aago padà kò kàn yín, àkókò kan náà ni Ítálì àti Málítà ń lò. Àwọn tó bá ti Gíríìsì wá ni kí wọ́n ṣọ́ra, nítorí fóònù lè yí aago rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń lo aago tirẹ̀. Aago ọkọ̀ ni ẹ óò máa tẹ̀ lé.

Ẹ mú káàdì ọkọ̀ lọ́wọ́ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, òun ni wọ́n máa yẹ̀ wò nígbà jíjáde àti nígbà wíwọlé, àti ìwé ìdánimọ̀ kan tó ní àwòrán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà ní ibi ìgbàlejò bóyá Málítà ń fẹ́ kí èrò mú páálí dání lọ́jọ́ náà. Oògùn ọ̀sán Màmá gbọ́dọ̀ wà nínú àpò, kódà bí ẹ bá rò pé ẹ máa ti padà kí àkókò rẹ̀ tó tó. Omi inú ike, fìlà tàbí agboòrùn, owó ẹyọ yúrò díẹ̀. Ẹ má di èso tàbí búrẹ́dì àárọ̀ sínú báàgì. Ọkọ̀ kì í fẹ́ kí èèyàn gbé oúnjẹ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Fóònù: ẹ jẹ́ kó wà lórí ipò ọkọ̀ òfuurufú títí ẹ ó fi dé ilẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì tó ń mú lójú òkun, ti inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni, owó rẹ̀ wọ́n kọjá àlà, kò sì sí lára àdéhùn tí ẹ ní pẹ̀lú ilé iṣẹ́ fóònù yín ní UK.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ẹ jí kùtù. Bí ọkọ̀ bá máa gúnlẹ̀ ní aago mẹ́jọ, á wọ ẹnu Grand Harbour ní bí aago méje sí méje ààbọ̀. Ìwọ̀lé yẹn jẹ́ ìdajì ohun tí èèyàn wá wò ní Málítà, orí ìjókòó lẹ máa wà, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀. Apá ọ̀tún ọkọ̀ ni kí ẹ mú Màmá sí: ibẹ̀ ni Valletta máa gbà yọ, odi òkúta aláwọ̀ oyin láti ìsàlẹ̀ omi dé òkè. Fort Ricasoli àti, lẹ́yìn rẹ̀, Fort St Angelo máa wà lápá òsì. Ẹ mú súwẹ́tà dání, atẹ́gùn àárọ̀ lórí àjà òkè máa ń tutù ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ jẹun. Láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀, gbogbo àwọn tó sanwó fún ìrìn-àjò tí ọkọ̀ ṣètò á máa tì ara wọn níwájú lífìtì àti ẹnu ọ̀nà. Ẹ ò ní ohunkóhun tí ẹ ń lé. Aago 9:45 ti tó láti jáde. Nígbà yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ máa wà nínú lífìtì ọkọ̀.

Pinto Wharf ni wọ́n ń pe ibi tí ẹ máa sọ̀ sí. Àwọn ilé ìkẹ́rù tí Gíráńdì Másítà Pinto, olórí ẹgbẹ́ ajagun St John nígbà náà, kọ́ ní 1752 ti di ilé oúnjẹ àti ilé ìtajà báyìí. Ẹ má jókòó síbẹ̀ tàárọ̀, ẹ ṣì máa gba ibẹ̀ padà. Tí ẹ bá jáde, ẹ jẹ́ kí omi wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, kí ẹ máa lọ tààrà lẹ́bàá èbúté. Ọ̀nà náà tẹ́jú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fún ẹni tí ara rẹ̀ dá, ogún ni kí ẹ fi fún Màmá. Títì ni o, mọ́tò ń kọjá, ibi ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ sì fún láwọn ibì kan. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wakọ̀ ní Málítà bíi ti UK, àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún ní Sípéènì, Faransé àti Ítálì, ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ra pẹ̀lú ti wọn; ẹ wo ọ̀tún kí ẹ tó sọdá. Bí Màmá bá jí pẹ̀lú orúnkún tó wú, ẹ fi ìrìn yìí sílẹ̀, kí ẹ wọ takisí láti ẹnu èbúté lọ sí Castille Square lókè, nítòsí ọgbà Upper Barrakka tí lífìtì ń gbé èèyàn lọ. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Bolt àti Uber náà ń ṣiṣẹ́ ní Málítà. Ní ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ń dúró de àlejò níbẹ̀, ẹ ṣe àdéhùn owó àti iye ìṣẹ́jú kí ẹ tó gùn ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á dá iye tó wù wọ́n lé yín nígbà tí ẹ bá sọ̀.

Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ rìn, Barrakka Lift ni ẹ̀ ń wá. Ilé gogoro irin ni, ó ga tó mítà 58, ẹ máa ti rí i láti ọ̀nà jíjìn. Èyí àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ láti 1905 sí 1973. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, ìparí 2012 ni wọ́n ṣí i. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà, ẹyọ yúrò tó wà lọ́wọ́ yín á tó. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú tí ẹ fi máa bá ara yín nínú ọgbà Upper Barrakka. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé wọ́n tì í fún àtúnṣe. Tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ pe takisí níbẹ̀, ẹ má gba àtẹ̀gùn.

Gbogbo èèyàn ló máa sọ fún yín pé dandan ni kí ẹ wà nínú ọgbà yìí ní aago méjìlá ọ̀sán, nígbà tí wọ́n bá ń yin àgbá ńlá ní Saluting Battery nísàlẹ̀ rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn fún yín. Tí ẹ bá dúró de aago méjìlá, ẹ máa jókòó fún wákàtí méjì, tàbí kí ẹ lọ sí kàtídírà St John's kí ẹ tún sáré padà, kí ẹ wá tún lọ jẹun nílùú: ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún orúnkún kan náà. Èrò sì máa ń kún etí ọgbà débi pé arúgbó kò ní rí nǹkan kan àfi ẹ̀yìn èèyàn. Wọ́n tún máa ń yìn ín ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nígbà yẹn, ẹ ti wà lórí àjà ọkọ̀ yín, lórí àga, pẹ̀lú tíì lọ́wọ́, ẹ máa rí èéfín, ẹ máa gbọ́ ìró. Ẹ kàn sọ fún Màmá ṣáájú kó má bàa ta gìrì.

Nítorí náà, láti lífìtì, ẹ kọjá lọ sí St John's Co-Cathedral. Ó jìnnà díẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìrìn pẹ̀lẹ́. Láàárín 1573 sí 1577 ni wọ́n kọ́ ọ, Girolamo Cassar ló yàwòrán ilé náà. Lóde, ó gbẹ bí ilé ìkówèé. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Inú rẹ̀, wúrà bo ògiri, àwòrán Mattia Preti bo gbogbo òrùlé, nǹkan bí 400 òkúta ibojì àwọn ajagun náà, mábù aláràbarà, ló sì jẹ́ ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀. Nítorí mábù yẹn ni wọn kì í ṣe gba bàtà onígìgísẹ̀ tín-ínrín wọlé. Èjìká àti itan gbọ́dọ̀ wà ní bíbò. Ìró àti bùbá Màmá ti ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wọ ṣòkòtò péńpé ni kí ẹ ronú. Tíkẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà wà ní nǹkan bíi yúrò 15, ẹ̀rọ tó ń ṣàlàyé sí etí wà nínú owó náà. Ọjọ́ Àìkú ni wọn kì í gba àlejò tó wá wòran. Ọjọ́rú yín kò ní ìṣòro.

Ẹ má gbìyànjú láti gbọ́ gbogbo àlàyé inú ẹ̀rọ náà. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní àárín, kí ẹ wo òkè, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí yàrá Oratory tí àwòrán Caravaggio wà, bí wọ́n ṣe bẹ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi lórí. Ní 1608 ló yà á, lẹ́yìn tó ti sá kúrò ní Róòmù nítorí pé ó pààyàn. Fífẹ̀ rẹ̀ ju mítà márùn-ún lọ. Òun nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ tó fọwọ́ sí, inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn láti ọrùn Jòhánù ló sì kọ orúkọ náà sí. Ẹ wá a nísàlẹ̀ àwòrán. Wákàtí kan fún gbogbo kàtídírà ti tó.

Bí ó bá kù ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kí aago méjìlá tó lù, tí Màmá sì jẹ́ ẹni tó ń ka Bíbélì, ibì kan wà tí mo rò pé á wù ú ju Caravaggio lọ. Mélítà tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù fọ́ sí nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 àti 28 ni erékùṣù yìí. Ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's Shipwreck wà ní St Paul Street, òpópónà kan sí Merchants Street, wọ́n sì tọ́jú egungun ọrùn ọwọ́ tí wọ́n gbà pé ti Pọ́ọ̀lù ni síbẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ ń rọ́ díẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ibi tí mo gbà kí ẹ ti yà kúrò ní ẹ̀yìn àpáta, kí ẹ sì di Màmá lápá mú. Púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Málítà máa ń tì lọ́sàn-án, torí náà ẹ má gbé e sẹ́yìn oúnjẹ.

Oúnjẹ wá kàn. Republic Square, níwájú ilé ìkówèé orílẹ̀-èdè, níbi tí ère Ọbabìnrin Victoria wà, ni àga pọ̀ sí lábẹ́ agboòrùn ńlá. Caffe Cordina tó ti wà láti 1837 wà níbẹ̀. Owó rẹ̀ ga ju ti inú kọ̀rọ̀ lọ, àmọ́ ìjókòó lẹ̀ ń rà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pastizzi, ìyẹn ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi wàràkàṣì ricotta tàbí ẹ̀wà píìsì sínú rẹ̀. Ẹyọ méjì ti tó, òróró wà lára rẹ̀. Bigilla, ẹ̀wà tí wọ́n sè tí wọ́n sì lọ̀ pẹ̀lú aáyù, máa rán Màmá létí ẹ̀wà àgọ̀yìn tí kò ní ọbẹ̀ ata, nítorí náà bí ẹ bá ní ata gígún nínú báàgì, ibẹ̀ ló wúlò sí. Oṣù kẹsàn-án wà lára ìgbà tí ẹja lampuki ń jáde, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní i lọ́jọ́ náà. Ẹran ehoro tí wọ́n fi wáìnì sè náà jẹ́ oúnjẹ tí wọ́n fi ń yangàn. Kinnie, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi ọsàn kíkorò ṣe, kì í bá gbogbo èèyàn lára mu. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi káàdì sanwó, bí ẹ̀rọ bá béèrè bóyá pọ́n-ùn ni ẹ fẹ́ san tàbí yúrò, ẹ yan yúrò. Ẹni tó bá yan pọ́n-ùn, ẹ̀rọ náà ló máa ṣírò pàṣípààrọ̀ fún un, iye tó burú sì ni.

Ní bí aago kan ààbọ̀, ẹ máa padà lọ sí ọgbà Upper Barrakka. Àwọn tó wá gbọ́ àgbá ti tú ká. Ọ̀fẹ́ ni ọgbà náà, àga wà lábẹ́ igi, ọkọ̀ yín gan-an ni ẹ máa máa wò nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ lo wákàtí kan sí. Bí ìyàwó yín bá fẹ́ rajà, kí ó lọ nìkan nígbà yìí, kí ẹ fi ẹnì kan ti Màmá.

Lẹ́yìn tí ẹ bá fi lífìtì sọ̀ kalẹ̀, ó ku ohun kan tí ẹ lè ṣe tàbí kí ẹ fi sílẹ̀. Fẹ́rì wà nítòsí ẹsẹ̀ lífìtì tó ń sọdá lọ sí Birgu àti àwọn ìlú tó yí i ká lódìkejì; ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó sì ń lọ ní bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn. Ẹ lè lọ kí ẹ sì bá a padà láìrìn kiri, ìran èbúté láti ojú omi ti tó ère. Ọkọ̀ onígi kékeré aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń pè ní dgħajsa lẹ́wà ju fẹ́rì lọ, àmọ́ ó ń mì, ó sì gba pé kí Màmá sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìró. Fún un, fẹ́rì ni mo yàn. Bí ó bá ti lé ní aago 2:45 kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀. Aago 3:30 ni kí ẹ fi ojú sí fún wíwọ ọkọ̀, ìyẹn wákàtí kan ṣáájú àkókò tó kẹ́yìn.

Àyè wákàtí kan yẹn ṣe pàtàkì nítorí pé ẹ̀yin nìkan lẹ jáde. Bí bọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ ṣètò bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró dè é; bí ẹni tó dá rìn bá pẹ́, ọkọ̀ á lọ. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe aṣojú èbúté lójú ẹsẹ̀. Tiyín burú ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí èbúté tó kàn ni Barcelona lẹ́yìn ọjọ́ kan gbáko lójú òkun, ọkọ̀ òfuurufú lẹ máa fi lé e, owó ara yín ni. Àmọ́ ọjọ́ ojú òkun yẹn náà ló jẹ́ kí n sọ pé kí ẹ má fi Valletta sílẹ̀ láìsọ̀: Màmá máa ní odidi Ọjọ́bọ̀ láti na ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá ra ọtí, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lè gbà á lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ dé ìparí ìrìn-àjò. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ jí i.

Tí páálí Nàìjíríà bá ni Màmá ń lò, ẹ yẹ físà Schengen rẹ̀ wò lónìí, kí ẹ má dúró di ọjọ́ ìrìn-àjò. Inú àgbègbè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, ni gbogbo èbúté tí ẹ kà sílẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sábà máa ń fẹ́ èyí tó gbà kí èèyàn wọlé lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ètò èbúté lè yí padà. Ẹni tí kò bá ní i, Barcelona ni wọ́n ti máa dá a dúró, wọn kì í sì dá owó rẹ̀ padà.

Ó ku afẹ́fẹ́. Bí ìjì bá ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, ẹnu Grand Harbour lè le fún ọkọ̀ ńlá, ọ̀gákọ̀ sì lè pinnu pé òun ò ní yà. Nítorí náà, ẹ má tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì kàtídírà tí kò ṣeé dá padà. Alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti tó. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí òjò sì ń rọ̀ gidi, àwọn òkúta yẹn á máa yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹ fi takisí dé iwájú kàtídírà bó ṣe lè súnmọ́ tó, kí ẹ sì tún fi takisí padà, tàbí kí ẹ jókòó sínú ọkọ̀: ilé ìtajà àti kasínò rẹ̀ máa wà ní títì ní èbúté, àmọ́ odò ìwẹ̀ gbígbóná tí èèyàn máa ń tò fún máa ṣófo títí di aago mẹ́ta.